Ẹ̀kán Tàdáwà Tí Karamat Yọ

Ní àdúgbò wa ní Gawalmandi, bí ẹ bá fẹ́ mú Karamat Ali bínú, ẹ sáà sọ fún un pé ìwé ọwọ́ rẹ̀ dára bíi ti kọ̀ǹpútà. Á gbé ife tíì sílẹ̀, á wò yín láti òkè délẹ̀, á ní, "Ìwọ náà dára bíi bèbí onírọ́bà." Ohun tó wá ń dun èèyàn níbẹ̀ ni pé kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìkọ̀wé tó wà nínú ìdajì kọ̀ǹpútà ìlú Lahore, ọwọ́ Karamat ni.

Akọ̀wé ni, kì í ṣe ti ọ́fíìsì o. Akọ̀wé onígègé ni, irú àwọn tó ń fi ọwọ́ kọ odindi ìwé ìròyìn kí ẹ̀rọ tó dé. Ẹ̀kán tàdáwà ni wọ́n fi ń wọn nǹkan nínú iṣẹ́ yìí. Wọ́n á tẹ ẹnu gègé mọ́ ìwé, àmì kékeré tó bá fi sílẹ̀, òun ni ẹ̀kán. Lẹ́tà yìí ga tó ẹ̀kán mẹ́ta, tọ̀hún fẹ̀ tó márùn-ún. Ẹ̀kán yìí kan náà ni a máa ń fi sí orí lẹ́tà tàbí sí abẹ́ rẹ̀ kí a lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí èkejì rẹ̀. Ó ti wọ Karamat lára débi pé kò mọ ìwọ̀n mìíràn mọ́. Bí mo bá jókòó sún mọ́ ọn jù lórí pèpéle, á ní, "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún ní ẹ̀kán méjì."

Èmi ni lèmọ́mù mọ́sáláàṣì kékeré tó wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun àsárì ni a jọ máa ń mu tíì, èmi pẹ̀lú rẹ̀, Rafia ọmọ rẹ̀ á sì máa dá sí ọ̀rọ̀ láti inú yàrá níbi tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà.

Rafia yìí ló gba bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn akọ̀wé, àwọn ẹgbẹ́ Karamat ń ta ọsàn, àwọn mìíràn ń kun ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Rafia ní, "Abbu, bí ẹ̀rọ bá fẹ́ kọ̀wé, ọwọ́ yín ni kó fi kọ ọ́." Ó rọrùn lẹ́nu. Lẹ́tà tiwa kì í dá dúró. Wọ́n a máa dì mọ́ ara wọn bí ọmọ ìyá, bí wọ́n bá sì ti dì mọ́ra, ìrísí wọn á yí padà. Nítorí náà, gbogbo ìdìmọ́ra tó ṣeé ṣe ni Karamat ní láti kọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, tí Rafia ń ya àwòrán wọn sínú ẹ̀rọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àárín iṣẹ́ yẹn ni Nasreen, ìyàwó Karamat, kú. Èmi ni mo kírun sí i lára. Ọkọ kan wá fún Rafia, Rafia ní kó dúró kí iṣẹ́ parí. Ọkọ náà kò dúró.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn onítẹ̀wé ní Urdu Bazaar. Àwọn yẹn ní àwọn á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Bí a ti ń ṣe é nílùú wa nìyẹn. A kì í ra àdídùn láìjẹ́ pé ẹni tó ń tà á bù díẹ̀ sí wa lọ́wọ́. Karamat kò lè kọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á, ló bá dá ọgbọ́n kan. Nínú ẹ̀dà ìtọ́wò yìí, ó yọ ẹ̀kán kan kúrò lára ìdìmọ́ra kan ṣoṣo, èyí tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ Urdu kankan. Ó tú ìwé atúmọ̀ èdè Urdu láti páálí dé páálí kó tó mú un. Nínú ẹ̀dà títà, ẹ̀kán náà pé. Ẹni tí a bá bá èyí tí kò pé lọ́wọ́ rẹ̀, kò rà á nìyẹn.

"Èmi náà kì í ṣe ọmọdé," ó wí fún mi, inú rẹ̀ ń dùn. "Mo ti so agogo mọ́ ewúrẹ́ mi lọ́rùn."

Kò pẹ́ tí ewúrẹ́ fi já. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì san kọ́bọ̀, Rafia ló kọ́kọ́ rí ìkọ̀wé bàbá rẹ̀ níta, lára patákó ẹni tó ń ta adìẹ ní Nisbat Road. Ó rí i lára káàdì ìgbéyàwó, ó rí i lára patákó ayọyín, ó rí i lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri pé kí ẹnikẹ́ni má tọ̀ síbẹ̀. Ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí ó fi dé inú ẹgbẹ́ kan lórí fóònù, níbi tí ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Ìránṣẹ́ Urdu gbé fáìlì náà sí lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó kọ sí abẹ́ rẹ̀ rèé: "Sàráà ni mo fi èyí ṣe fún ìyá mi, olóògbé Sardaran Bibi. Ẹni tó bá gbà á, kó ṣàdúrà fún un. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, kí èrè rẹ̀ má dáwọ́ dúró nínú sàréè."

Karamat kà á tán, ó yíjú sí mi. "Àáfà, ẹ gbọ́. Ó jí adìẹ mi, ó sè é, ó fi ṣe sàráà fún ìyá rẹ̀. Ṣé sàráà náà dé?"

Mo mọ ohun tí ìwé wí: sàráà olè kì í dé ibì kankan. Ẹnu mi kò lè gbé e jáde. Mo ń ro obìnrin náà nínú sàréè àti gbogbo ẹni tó ti ṣe àmín fún un, tí wọn kò mọ̀ pé ohun olè ni wọ́n gbà. Mo ní, "Karamat, n kò mọ̀." Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí òun á gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu lèmọ́mù.

Rafia kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ náà fi ń pàdé. Ẹ̀rọ ló dá a lóhùn, pé kó fi ẹ̀rí hàn pé bàbá rẹ̀ ló ni a-b-d. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wàhálà wọ́n yọ fáìlì náà, ní ọjọ́ kejì ó ti hù níbòmíràn pẹ̀lú orúkọ tuntun. Wọ́n yọ ìyẹn náà, òmíràn tún hù. Ṣe ni ó dà bí ẹni ń fi agbọ̀n pọn omi. Karamat fúnra rẹ̀ gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ.

"Kí ni wọ́n jí, Bàbá?"

"Ọwọ́ mi."

"Ọwọ́ wo? Ṣebí méjèèjì ni mo ń wò yìí."

"Ìwé ọwọ́ mi ni mo wí."

"Ṣé ẹ kò lè kọ̀wé mọ́ ni?"

"Mo lè kọ ọ́."

"Nígbà náà, ẹ máa lọ sílé kí ẹ lọ kọ òmíràn."

Lọ́yà kan tó ń jẹ́ Tanvir ló fún wọn ní ìrètí. Ó pe Karamat ní Ustad, ìyẹn ọ̀gá oníṣẹ́, ó ní, "Ustad, ẹni orí fóònù, afẹ́fẹ́ ni. A kì í pe afẹ́fẹ́ lẹ́jọ́. Ẹni tó ní ilẹ̀kùn tí a lè kàn ni ká mú." Ó rí ilé ìtẹ̀wé ńlá kan tó ń fi ẹ̀dà tí wọn kò rà ṣe ìwé ọmọ ilé-ìwé. Ó ní ọjọ́ tí ẹjọ́ bá dé, àwọn á ní kí ilé ìtẹ̀wé náà tẹ ìdìmọ́ra yẹn lórí ẹ̀rọ wọn níwájú adájọ́. Tí ẹ̀kán kò bá sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Nígbà tí ilé kan bá sì ti san owó, àwọn yòókù á wá rà á fúnra wọn. Ó kìlọ̀ fún Karamat gidigidi: "Ẹ̀dà tó pé kò gbọdọ̀ jáde síta kí ẹjọ́ tó dé. Tí ó bá jáde lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á pààrọ̀ tiwọn, wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ fún àwọn. Gbogbo ẹjọ́ yìí, orí ẹ̀kán yẹn ló dúró lé."

Karamat ń retí ọjọ́ náà bí ẹni ń retí oṣù ọdún. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀fẹ̀. Àsìkò yẹn ni Mian Shafqat kú.

Ọ̀gbẹ́ni Shafqat yìí ń ta aṣọ òtútù ní ìkóríta wa. Àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ káàdì, wọ́n kọ àdúrà òkú sí i, wọ́n pín in fún gbogbo ẹni tó wá, kí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n sórí lè rí i kà. Èmi mọ̀ ọ́n sórí, n kò gba káàdì. Mo kírun náà tán, mo yíjú sí àwọn èèyàn, mo gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ń ṣe àmín. Ìlà iwájú ni Karamat wà. Ẹnu rẹ̀ kò mì. Káàdì ló ń wò.

Nígbà tí wọ́n gbé òkú jáde, ó dì mí lápá mú. "Àáfà, ẹ ka ibí yìí."

Mo ní, "'Má sì ṣì wá lọ́nà lẹ́yìn rẹ̀.'"

"Mo ní kí ẹ kà á. N kò ní kí ẹ rántí rẹ̀."

Mo wá kà á bí ọmọ iléekéwú, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí mọ bó ṣe máa ń rí bí ẹni tó fẹ́ kọ ẹ̀ṣẹ̀ bá gbàgbé àmì abẹ́ lẹ́tà: á wá máa tọrọ àforíjì fún ẹsẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn, àfi pé èyí burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kán kan kò sí lórí lẹ́tà, "má ṣì wá lọ́nà" sì ti di "má dé ọ̀dọ̀ wa." Má dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí àdúgbò wa tò sí ìlà tí wọ́n ń fi ojú tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run nìyẹn.

"Ìdìmọ́ra tèmi náà nìyí, inú èdè Lárúbáwá ló wà," Karamat wí. "Ìwé atúmọ̀ Urdu ni mo wò, Àáfà. Láti kékeré ni mo ti ń kírun. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé kì í ṣe Urdu ni mo fi ń ṣe àdúrà."

Mo sọ ohun tí gbogbo lèmọ́mù máa sọ. Mo ní, "Fọkàn balẹ̀. Ọlọ́run mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn."

"Bí Ó bá lè mọ̀ ọ́n láìsí ẹ̀kán, kí ló dé tí Ó fi fi ẹ̀kán sí i?"

Mo gbé ìbéèrè yẹn délé, ó sì jókòó tì mí nídìí àlùwàlá, ó jókòó tì mí nídìí oúnjẹ.

Láti ọjọ́ náà ni Karamat kò ti lè jókòó. Ó ń kiri mọ́sáláàṣì, ó ń kiri ilé ìwòsàn, ó ń ka ara ògiri. Ó bá àdúrà aláìpé náà lára patákó tí wọ́n gbé kọ́ ní ibi tí wọ́n ti ń wẹ òkú. Ó bá a lẹ́yìn kàlẹ́ńdà alágbo. Ó bá a lórí fóònù èèyàn, nínú àwòrán olódòdó tí wọ́n fi ń kí ọlọ́fọ̀. Gègé wà nínú àpò rẹ̀. Ibi tó bá ti rí i, á dá ẹ̀kán náà padà síbẹ̀. Ní mọ́sáláàṣì kan lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin, ọkùnrin kan rí i.

"Bàbá! Kí lẹ ń fà sára àdúrà?"

"Mo ń tún un ṣe ni, ọmọ mi."

"Ẹ ń tún kí ni ṣe? Àdúrà Ànábì? Ẹ wá o! Ẹ wá wo bàbá yìí!"

Ẹ mọ ohun tí irú igbe bẹ́ẹ̀ lè dà ní ìlú wa: wọ́n ti pa èèyàn lórí rẹ̀ rí. Wọ́n ti yí i ká kí n tó dé. Mo fi láwàní mi bẹ̀ wọ́n, mo kà á fún wọn, mo fi ẹ̀kán náà hàn wọ́n, ọkùnrin náà sì wá ń fẹnu ko ọwọ́ Karamat pé ó gba àdúrà là. "Ọlọ́run á fìyà jẹ ẹni tó yọ ọ́," ni ó wí. Karamat dáhùn pé, "Àmín." A wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé.

Lójú ọ̀nà yẹn ló ti pinnu. Ó délé, ó ní kí Rafia gbé ẹ̀dà tó pé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, kí wọ́n lè fi pààrọ̀ èyí tó wà lọ́wọ́ wọn. Rafia pe lọ́yà, lọ́yà sì pariwo nínú fóònù débi pé mo gbọ́ ọ láti pèpéle: "Ustad, ẹjọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná! Ẹ fẹ́ da ọbẹ̀ nù nítorí iyọ̀?"

Rafia pa fóònù. "Abbu, ìgbà èwe mi wà nínú fáìlì yẹn."

"Mo mọ̀."

"Ẹ kò mọ̀. Ẹ dúró de ẹjọ́. Lẹ́yìn ẹjọ́, a ó fún wọn."

"Àwọn tí wọ́n ń sin lónìí ńkọ́? Wọ́n á dúró de ẹjọ́?" Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ìyá rẹ wà nínú sàréè, Rafia. Bí ẹnì kan bá dúró lé e lórí pẹ̀lú káàdì yẹn ńkọ́?"

Rafia dìde. Ó wọ yàrá, a sì ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ ẹ̀rọ. Ó gbé e síta.

A rò pé ó tán. Ta ni kì í gba ohun ọ̀fẹ́? Ó mà ṣe o, wọn kò gbà á. Rafia kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ wọn pé Ustad Karamat Ali, ẹni tó ni ìkọ̀wé yìí, ló fi èyí tó pé ránṣẹ́. Èsì wọn rọ́ dé bí òkò. "Onílé ti dé! Ẹ ti ilẹ̀kùn." "Kòkòrò ló wà nínú rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ilé tí à ń gbé." "Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ń ṣiṣẹ́, n kò fẹ́ ojúlówó kankan." Ẹnì kan tilẹ̀ ní, "Bàbá, ẹjọ́ tí ẹ pè ńkọ́? Ṣé ẹ ti jẹ ẹ́ tán?" Ohun tí Karamat ṣọ́, wọ́n jí i, ohun tó ń fún wọn, wọ́n kọ̀ ọ́.

Ló bá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Ìránṣẹ́ Urdu fúnra rẹ̀. Kò bú u. Ó sọ ti káàdì, ó sọ ti ẹ̀kán, ó sì sọ ẹni tó yọ ọ́. A kò tíì mu tíì wa tán tí fóònù fi dún, ọkùnrin náà ló ń pè.

"Ustad mi! Ẹ̀yin gan-an nìyí? Ọlọ́run gbọ́, mo fẹ́ràn ọwọ́ yín ju ọwọ́ ara mi lọ."

"Mo rí i. Ìdí nìyẹn tí o fi gé e lọ."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ìlú Okara ló ń gbé, fóònù ló ń tún ṣe. "Ustad, ìyá mi kò mọ̀wé. Kò lè ka orúkọ ara rẹ̀. Mo ní kí n fi ìwé ṣe sàráà fún un."

"Ṣé ẹ̀wà kò sí ní Okara ni?"

"Ẹ má bínú sí mi." Ó fa èémí. "Àwọn tó ń fi káàdì yẹn ṣàdúrà... ṣé àwọn kan ti fi ṣe é fún ìyá mi náà?"

"Ìwọ lo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣàdúrà fún un."

Ariwo ọ̀nà ń dún lẹ́yìn ọkùnrin náà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ní òun á gbé e jáde, òun á ní kí gbogbo èèyàn pààrọ̀ tiwọn. "Ṣùgbọ́n, Ustad mi, orúkọ yín kò gbọdọ̀ sí lára rẹ̀. Bí wọ́n bá rí orúkọ yín, wọ́n á rò pé pańpẹ́ kóòtù ni. Tèmi ni wọ́n mọ̀. Tèmi ni wọ́n máa gbà."

Rafia dìde dúró. Karamat na ọwọ́ sí i pé kó jókòó.

"Orúkọ ìyá rẹ ńkọ́?"

"Ìyẹn gbọdọ̀ wà níbẹ̀, Ustad. Òun ni wọ́n fi ń dá fáìlì mi mọ̀."

Karamat wo ògiri, níbi tí àwòrán Nasreen wà. Mo rò pé yóò dárúkọ rẹ̀. Mo ń retí kó dárúkọ rẹ̀. Ó ní, "Kọ ti ìyá rẹ sí i. Ṣáà rí i pé ẹ̀kán náà wà níbẹ̀."

Fáìlì náà jáde lórúkọ Ìránṣẹ́ Urdu. Láàárín ọjọ́ kan, ó ti tàn ká. Àwọn tó ń bú Karamat níjelòó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin Okara, wọ́n ń ṣàdúrà fún Sardaran Bibi ìyá rẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé ńlá yẹn náà pààrọ̀ tiwọn. Lọ́yà Tanvir lọ gba ẹjọ́ rẹ̀ jáde ní kóòtù, kò sì kí wa mọ́. Rafia ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ní ilé-ìwé kan. Fún ìgbà díẹ̀, bí bàbá rẹ̀ bá pè é, á jẹ́ "Ẹ̀n" láìyíjú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn ló pààrọ̀. Ẹ̀dà àtijọ́ ṣì wà nínú fóònù tí wọn kò ṣí mọ́, nínú ẹ̀rọ àwọn onítẹ̀wé kéékèèké tí kì í ka ìkéde. Ta ló lè kó wọn jọ? Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ìyá oníbúrẹ́dì àdúgbò wa kú. Mo ti dúró síwájú òkú, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ni mo gbọ́ tí ẹnì kan wí lẹ́yìn mi pé, "Àáfà, ẹ dúró." Karamat ni. Ó ń gba iwájú ìlà kọjá, ó ń wo káàdì ọwọ́ gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ní, "Bàbá, oòrùn ń mú òkú." Karamat ń bá wíwò rẹ̀ lọ. Ó dé ọ̀dọ̀ arúgbó kan ní ìparí ìlà, ó dúró. Ó gba káàdì rẹ̀, ó fi itọ́ rin ẹnu gègé, ó fi ẹ̀kán kan síbẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó gbẹ, ó dá a padà. Ó wá lọ dúró sí àyè rẹ̀, ó mi orí sí mi.

Mo yíjú sí iwájú. Gbogbo òkú tí wọ́n ti fi káàdì tí kò ní ẹ̀kán yẹn sin kó tó di òní ń kọjá lọ́kàn mi, mo sì ń bi ara mi pé kí ni Ọlọ́run gbọ́. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo ní Allāhu Akbar.